Ẹ Dá Èsì Wa Padà fún Wa: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Olùwádìí Ìlera Ọpọlọ Nílẹ̀ Yorùbá

Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n wa, ẹ̀yin dókítà ọpọlọ, ẹ̀yin olùkọ́ sàíkọ́lọ́jì ní àwọn yunifásítì wa gbogbo,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Mo kí yín tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, torí mo ti jẹ nínú oúnjẹ yín. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi bá oríṣiríṣi ìwádìí ru fọ́ọ̀mù kiri Ìbàdàn, Ọ̀yọ́ àti Ìsẹ́yìn. Èmi lẹ máa ń fún lówó ọkọ̀ kí n lọ kan ilẹ̀kùn, kí n kí onílé, kí n jókòó sórí àpótí tí wọ́n bá sún sí mi, kí n ka ìbéèrè, kí n sì fàmì sí ìdáhùn tí wọ́n bá mú. Nígbà tí ìwé bá jáde, orúkọ tiyín ló máa ń wà lókè rẹ̀. Ìyẹn ò dùn mí rárá, ẹni tó kàwé ló yẹ kó kọ̀wé. Ohun tó ń dùn mí ni mo fẹ́ sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ní agboolé kan lẹ́yìn Bẹẹrẹ ní Ìbàdàn, mo jókòó ti ìyá kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́. Opó ni. Mo ka ìbéèrè àkọ́kọ́ bó ṣe wà lórí ìwé: láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ìgbà mélòó ni ẹ kò rí ìgbádùn nínú ohun tí ẹ ń ṣe? Ìyá wò mí títí. Ó ní, “Ọmọ mi, ìgbádùn wo? Ẹ̀lùbọ́ ni mo ń tà.” Mo tún un kà. Ó ní kí n kọ èyí tó bá wù mí. Mo bọ́ sórí ìkejì: ṣé ọkàn yín ti rẹ̀wẹ̀sì, ṣé ẹ ti rò pé kò sí ìrètí mọ́? Ó fọwọ́ yí orí ká, ó ní, “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ọkàn mi ò ní rẹ̀wẹ̀sì lórúkọ Jésù.” Mo fàmì sí “kò ṣẹlẹ̀ rárá.” Kí ni ǹ bá ṣe? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, tí àlejò bá pe ohun burúkú mọ́ èèyàn lórí láàárọ̀ kùtùkùtù, àdúrà la fi ń dá a padà. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń bá a lọ, èmi ń béèrè, ìyá ń ṣe àmín, títí fọ́ọ̀mù fi parí.

Ìgbà tí mo ká bírò mi sínú àpò ni ìyá tó dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní orí òun ń gbóná. Ó ní ó dà bíi pé ìjàlọ ń rìn níbẹ̀, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ wá sí ẹ̀yìn ọrùn, wọ́n á dé àyà, àyà á wá máa já òun. Oorun ti kọ òun láti ìgbà tí bàbá ti lọ. Àwọn aládùúgbò ti sọ fún un pé ọdẹ orí ni. Mo wá ibi tí mo máa kọ ọ́ sí lórí fọ́ọ̀mù, n kò rí. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ní ìlà mẹ́ta. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì, alábòójútó iṣẹ́ náà ní kí n yé ba fọ́ọ̀mù jẹ́, kọ̀ǹpútà ò mọ ẹ̀yìn ìwé. Lójú ìwádìí náà, ara ìyá ẹlẹ́lùbọ́ le koko.

Ọdún bíi mẹ́rin lẹ́yìn náà ni mo wá gbọ́ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ kan pé ọdẹ orí yìí kì í ṣe àjèjì sí yín. Pé Roger Makanjuola, dókítà ọpọlọ, ti kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1987 nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Yúróòpù: ooru orí, ohun tó ń rìn lábẹ́ awọ, àyà jíjá, àìrí oorun sùn. Ohun tí ìyá yẹn ń sọ gẹ́lẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ìyá wa ti wọ ìwé, wọ́n ti dì í ní páálí, ó ti wà ní láíbìrì òkè òkun, èmi tí wọ́n rán lọ bi wọ́n léèrè ní èdè Yorùbá kò sì mọ̀, fọ́ọ̀mù tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ náà kò mọ̀.

Ẹjọ́ tí mo ní kò ju ọ̀kan lọ. Ẹ ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wa ní èdè wa, ẹ ń tẹ èsì rẹ̀ jáde ní èdè tí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ kò lè kà, lẹ́yìn náà ẹ tún ń gba ìbéèrè tuntun wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Mo ń bẹ̀ yín kí ẹ dá èsì padà sílé, ní Yorùbá tó já gaara, kí ìbéèrè tó ń bọ̀ sì ti inú ohun tí wọ́n sọ fún yín jáde.

Ó dùn mí jù torí pé iwájú la wà tẹ́lẹ̀. Ní 1954, Thomas Adeoye Lambo, dókítà ọpọlọ tó jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Aró, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní ìlú náà. Dípò kí wọ́n ti aláìsàn mọ́ wọ́ọ̀dù, wọ́n wá ibùgbé fún un láàrin àwọn ará abúlé ìtòsí, ẹbí rẹ̀ kan á bá a wá, á máa dáná fún un, á sì máa mú un lọ gbàtọ́jú lójúmọmọ. Ó fa àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra ní ìgbà tí àwọn tó kọ́ṣẹ́ bíi tirẹ̀ ń yọ ṣùtì sí wọn. Nígbà tí òun àti Alexander Leighton pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn láti yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí tó di ìwé ní 1963, wọ́n wádìí ohun tí Yorùbá fúnra wọn ń pè ní àìsàn orí. Raymond Prince, ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Aró, kọ̀wé ní 1960 nípa asofẹ́yẹjẹ, ewé kan tí àwọn oníṣègùn wa ń fún àwọn alárùn ọpọlọ. Ìbátan ewé yìí láti Íńdíà ni àwọn òyìnbó ti yọ oògùn reserpine ní 1952. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ń ṣe ìwádìí ńlá ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án láti ìparí àwọn ọdún 1960, Ìbàdàn wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn tí àìsàn ọpọlọ líle ṣe ní Ìbàdàn gbádùn ju ti ọ̀pọ̀ ìlú olówó lọ. Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ìdí rẹ̀ títí dòní.

Prince yìí kan náà ló kọ̀wé nípa “brain fag.” Ó rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n ní orí ń ta àwọn, ìwé ò wọlé mọ́, ojú ń ṣú. Ọ̀rọ̀ náà di ti gbogbo ayé. Nígbà tó di 1994, àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé àtòjọ àrùn wọn pé àrùn ìbílẹ̀ àwọn ọmọ Áfíríkà tó ń kàwé ni. Àfi ìgbà tí Oyedeji Ayonrinde lọ tú ìwé àtijọ́, tó sì fi hàn ní 2015 pé láti sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún ni wọ́n ti ń pe orúkọ yẹn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́hùn-ún, fún àwọn òyìnbó tí iṣẹ́ ọpọlọ ti tán lókun. Òkìrìkà ni! Aṣọ tí wọ́n wọ̀ gbó ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n dì í ní báèlì dé Ìbàdàn, wọ́n ní àdìrẹ wa ni. Àwa náà gbà á, a ń fi ṣe ìdánwò ní yunifásítì. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ọ.

Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ pé ẹ ń túmọ̀ ìbéèrè dáadáa. Ẹ ń ṣe é lóòótọ́. Ẹnìkan á túmọ̀ ọ sí Yorùbá, ẹlòmíì tí kò rí ti àkọ́kọ́ á dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ó gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí wọ́n bá jọra, ẹ gbà pé ó ti dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ìbéèrè kan wà nínú àwọn ìwé tí ẹ fi ń wọn àìbalẹ̀ ọkàn, tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ báyìí: ṣé ó ń ṣe yín bíi pé ẹ wà ní etí bèbè? “On edge” ni Gẹ̀ẹ́sì pè é, ìyẹn kí ọkàn má balẹ̀. Kò sí ẹni tó máa dá ìyẹn padà sí Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní gbà á. Bàbá alágbẹ̀dẹ kan ní Ìsẹ́yìn ló bi mí pé, “Etí bèbè odò wo?” Ìtumọ̀ lọ, ó bọ̀, kò sọnù lójú ọ̀nà, síbẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ bàbá. Tí mo bá sì bi bàbá yẹn pé ṣé ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ìtàn tí ó máa sọ fún mi lè gba wákàtí kan.

Ohun tí mò ń sọ yìí, àwọn onísàíkọ́lọ́jì ayé náà ti ń rí i. Ní 2008, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Jeffrey Arnett ka ìwé ìròyìn mẹ́fà tó lórúkọ jù nínú iṣẹ́ yín lọ́hùn-ún. Ó rí i pé 96 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n fi ṣèwádìí ló wá láti àwọn orílẹ̀-èdè olówó ìwọ̀-oòrùn, tí gbogbo wọn lápapọ̀ kò ju ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn ayé lọ. Lọ́dún méjì lẹ́yìn náà, Joseph Henrich àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé tí a bá ń wá ẹ̀yà tó yàtọ̀ sí ọmọ ènìyàn yòókù jù, àwọn ará ìwọ̀-oòrùn yẹn gan-an ni. Kí á tó mí, ti 2015 dé. Wọ́n tún 100 ìwádìí sàíkọ́lọ́jì ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, 97 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àwọn rí ohun tí àwọn ń wá. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, 36 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló tún rí i. Ṣé ẹ rí i pé àwọn tí à ń gba ìbéèrè lọ́wọ́ wọn gan-an ti ń yẹ ọ̀rọ̀ ara wọn wò? Ní 2022, Adeyemi Adetula, ọmọ Nàìjíríà, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ pé ó tó gẹ́ẹ́ kí wọ́n máa gbé ohun tí wọ́n rí níbòmíì wá dán wò ní Áfíríkà. Wọ́n ní ó yẹ kí ohun tí a bá rí ní Áfíríkà náà jáde lọ kọ́ àwọn yòókù. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn gan-an. Ibi tí mo ti ń jà ni pé tí ó bá máa jáde láti Áfíríkà, ó ní ibi tó ti máa kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ẹnu ìyá ẹlẹ́lùbọ́ sì wà lára ibẹ̀.

Ẹ wo àwọn ará Símbábúwè. Àwọn Shona ní ọ̀rọ̀ kan, kufungisisa, ìyẹn kí èèyàn máa rò ó, kó máa rò ó, kó má rí i rò tán. Ẹ ò ní kí n wá ọ̀rọ̀ tiwa fún yín. Àròkàn ni. Àwọn àgbà ti sọ fún wa pé àròkàn ní í fa ẹkún àsun-ùn-dabọ̀. Àwọn Shona ò fi ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ sínú òwe lásán. Láti àwọn ọdún 1990 ni Vikram Patel àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti fi ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn fúnra wọn ṣe ìwé kan tó ní ìbéèrè mẹ́rìnlá ní èdè Shona, kufungisisa sì wà níwájú. Nígbà tí dókítà ọpọlọ Dixon Chibanda wá pàdánù aláìsàn kan torí pé ìyá ọmọ náà kò rí owó ọkọ̀ san dé ọsibítù, ó pinnu pé ìtọ́jú ló gbọ́dọ̀ máa lọ bá èèyàn. Àwọn ìyá àgbà ló kó jọ, ó kọ́ wọn, ó gbé bẹ́ǹṣì onígi sí ìta ilé ìwòsàn àdúgbò. Ẹni tí àròkàn ń bá jà á wá jókòó ti ìyá àgbà, wọ́n á mú ìṣòro kan, wọ́n á tú u palẹ̀, wọ́n á wo ohun tó ṣeé ṣe sí i. Wọ́n dán an wò ní ilé ìwòsàn 24 ní Harare pẹ̀lú èèyàn 573, èsì jáde ní 2016. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, lórí ìwé ìbéèrè mẹ́rìnlá yẹn, àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì gba nǹkan bíi 4, àwọn tí kò jókòó gba bíi 9, bó bá sì ṣe kéré sí ló ṣe dáa sí. Bẹ́ǹṣì yẹn ti rìn kọjá Símbábúwè báyìí.

Nígbà tí mo sọ èyí fún àwọn ìyá kan ní ìsọ̀ ata, ọ̀kan nínú wọn ní, “Ṣé ìyẹn náà ni wọ́n ń pè ní ìwádìí? Ohun tí à ń ṣe níbí lójoojúmọ́!” Ó jẹ òótọ́ díẹ̀. Díẹ̀ náà ni. Nínú ìsọ̀ ata, èyí tó bá sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, gbogbo ọjà ló máa gbọ́ lọ́la. Ìyá àgbà ti bẹ́ǹṣì ti kọ́ bí a ṣe ń pa ẹnu mọ́, àti ìgbà tó yẹ kó pe dókítà.

Àwa náà ní tiwa, ó tiẹ̀ wà lára ohun tó ń gbóná jù lọ́kàn mi. Ní 2005, Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì jáde lórí ohun tí a mọ̀ nípa àrùn ọpọlọ. Ènìyàn 2,040 ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti Ògùn ni wọ́n bi léèrè. 96.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní eléwu ni ẹni tí àrùn ọpọlọ bá ń ṣe. 82.7 ní ẹ̀rù máa ba àwọn láti bá a sọ̀rọ̀. 16.9 péré ló gbà pé àwọn lè fẹ́ ẹ. Wèrè dùn-ún wò, kò ṣé é bí lọ́mọ, a ti mọ òwe yẹn láti ilé. Ohun tí mo rí ní tèmi ni pé tí mo bá pe “wèrè” lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó wà níhòòhò ní ìdí gáréèjì ló ń yọ sí wọn lójú. Tí mo bá sọ ọ́ di “àìsàn ọpọlọ,” wọ́n á ní kí n ṣàlàyé. Tí mo bá ní “ẹni tí kò rí oorun sùn mọ́, tó ń sọkún láìnídìí, tó ti kọ iṣẹ́ sílẹ̀,” wọ́n á ní, “Ẹ wò ó, àbúrò mi nìyẹn.” Ìdáhùn mẹ́ta lórí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Èwo ni ká kọ sílẹ̀?

Ti 2020 ló yẹ kí wọ́n ti fi agogo ké kiri ìgboro. Gureje yìí kan náà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn wòlíì ní Ìbàdàn àti ní Kumasi ní Gánà, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú pátápátá. Wọn ò ní kí wọ́n ti ilé náà pa. Nọ́ọ̀sì ló ń wá síbẹ̀, á fún aláìsàn ní oògùn tó bá yẹ, á sì bá bàbá tàbí wòlíì sọ̀rọ̀ pé ẹgba àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kò dára, àdúrà àti ìtọ́jú yòókù lè máa lọ. Aláìsàn 307 ló kópa. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn bí orí ṣe dàrú tó, àwọn tí wọ́n ṣe báyìí fún wà ní 53.4, àwọn yòókù wà ní 67.6, bó bá sì ṣe kéré sí ni ara ṣe yá sí. Àwọn tí wọ́n ń lù, tí wọ́n ń dè, tàbí tí wọ́n ń febi pa lọ́nà ìtọ́jú jẹ́ 94 nínú 166 ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n di 13 nínú 152. Níbi tí nọ́ọ̀sì kò ti bá wọn ṣe é bẹ́ẹ̀ pàápàá, ìlùkulù náà dínkù, láti 59 nínú 141 sí 13 nínú 130. Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, ló gbé e jáde. Iṣẹ́ Lambo ní Aró ló padà wá, ó wọ aṣọ tuntun.

Mo gbé èsì yìí tọ bàbá oníṣègùn kan lọ nítòsí ilé mi, mo fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe ṣe é fún yín yìí. Kò tíì gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Ó dákẹ́, ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Ó ní, “Ní Ìbàdàn níbí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì ń wá fúnra rẹ̀?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá ní, “Ta ni mo máa rí kí wọ́n lè wá sí tèmi?” Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe ń bi mí. N kò ní èsì tí mo máa fún un. Ẹ̀yin lẹ ní i.

Ìbéèrè kan tún wà tí mi ò fẹ́ fò. Ó máa ń wà lápá ìparí: ṣé ó ti ṣe yín rí bíi pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ, tàbí kí ẹ pa ara yín lára? Lójú ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń wo ẹ̀yìn mi bóyá ọlọ́pàá bá mi wá. Wọn ò ṣì í. Abala 327 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan lélẹ̀ fún ẹni tó bá gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Nígbà tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun ní oṣù kìíní 2023, tí ó gba ipò òfin ará wèrè tí àwọn òyìnbó gbé kalẹ̀ láti 1916, inú wa dùn, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan abala yẹn. Ọdún yẹn kan náà ni Gánà mú tiwọn kúrò. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka iye àwọn tó ní “rárá” sí ìbéèrè yẹn, ẹ rántí pé ẹni tí òfin dì mọ́lẹ̀ ló ń dá yín lóhùn. Èmi ni mo jókòó níwájú wọn, mo mọ “rárá” tó jẹ́ rárá, mo sì mọ èyí tó ń gbọ̀n.

N kò fẹ́ pẹ́ lórí àwọn yòókù. Ti àbùdá ara, wọ́n ti ń gba itọ́ ní Etiópíà, Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Gúúsù Áfíríkà láti fi wá orísun àrùn ọpọlọ, torí pé ara àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Yúróòpù ni wọ́n ti ń wò ó jù. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ti ẹ̀rọ tó ń báni sọ̀rọ̀ lórí fóònù ń kọ mí lóminú díẹ̀. Ní 2025, àwọn ará yunifásítì Dartmouth ní Amẹ́ríkà gbé èsì irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kan tó ń jẹ́ Therabot jáde, èèyàn 210 ló kópa, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àwọn tó lò ó sì dínkù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin náà ń bá irú ẹ̀ sọ̀rọ̀ lóru, ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní kó bi í pé kí ni ọdẹ orí. Ó ní kó lọ fara balẹ̀ bá ọdẹ tó wà ní àdúgbò sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ ò jẹ̀bi, ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ ló ń kà, ẹ ò sì kọ ọ́ ní Yorùbá.

Ìwádìí kan tí mo fẹ́ kí gbogbo yín kà ni èyí tí Tanya Luhrmann àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2014. Ogún èèyàn ní Kalifóníà, ogún ní Accra, ogún ní Chennai, gbogbo wọn ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́. Wọ́n kàn ní kí wọ́n sọ bí ohùn náà ṣe rí. Ti àwọn ará Amẹ́ríkà ń bú wọn, ó ń fi ogun halẹ̀ mọ́ wọn. Ní Accra, ọ̀pọ̀ ní ohùn Ọlọ́run ni, ó sì ń tọ́ àwọn sọ́nà. Ní Chennai, ohùn ẹbí ni, ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n tún ilé ṣe. Àìsàn kan náà ni lórí fọ́ọ̀mù. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò lè jáde láéláé tó bá jẹ́ pé àmì ni wọ́n ń fà.

Ohun tí mo ń tọrọ kò wọ́n. Ní ìparí ìwádìí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ojú ewé kan ṣoṣo ní Yorùbá, lẹ́tà ńlá, kí ó sọ ohun tí ẹ béèrè, ohun tí wọ́n sọ, àti ohun tí ẹ rò pé ó túmọ̀ sí. Kí àwa tí a ru fọ́ọ̀mù lọ rù ú padà, ká kà á fún àwọn tí kò mọ̀wé, kí rédíò sì kà á fún àwọn yòókù. Àwọn olóòtú ètò Yorùbá ń wá ohun gidi tí wọ́n máa sọ láàárọ̀, ẹ bi wọ́n. Nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ ṣe ìbéèrè tuntun, kí ẹ pe àwa tí a ti jókòó lórí àpótí ká wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó san owó ọkọ̀ fún wa. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀yìn ìwé, kí ẹ sì wá ẹni tí yóò kà á. Ẹ ti ń kọ iye owó epo ọkọ̀, iye owó ìpàdé àti ti oúnjẹ ọ̀sán sínú ìwé tí ẹ fi ń tọrọ owó lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó. Ẹ fi owó ojú ewé yìí kún un. Mo ti rí àwọn ìwé ìnáwó yín, kò ní yọ wọ́n lẹ́nu.

Lọ́dún tó kọjá, mo gba ẹ̀yìn Bẹẹrẹ kọjá. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ló kọ́kọ́ dá mi mọ̀. Ó ní, “Ìyá Tóbi, ìwé yẹn ńkọ́? Kí ni wọ́n ní ó ń ṣe mí?” Mo ní wọn ò tíì parí rẹ̀. Irọ́ ni mo pa. Ìwé náà ti jáde, mo ti rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orí tábìlì kejì ni ìyá wà, lára àwọn tí nǹkankan ò ṣe. Ó fún mi ní kóńgò ẹ̀lùbọ́ kan, ó ní kí n bá òun kí wọn.

Wọ́n ní kí n kí yín o. Tí ẹ bá ti ṣe tán, mo mọ ilé náà. Àárọ̀ ló dáa jù kí á lọ, kí oòrùn tó mú, kó tó gbé igbá lọ sọ́jà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Tóbi,
Ìbàdàn.